Wòlíì Oníbátìrì

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ìran ní ìjọ wa, ẹ̀mí kò sì gùn mí rí. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ pẹ̀lú ìwé ńlá àti bírò, kí n máa kọ ohun tí àwọn wòlíì bá rí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kàwé, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tó gbà pé lẹ́tà tó bá wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni, nítorí náà ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó máa ń dùn mí. Ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ẹsẹ Bíbélì mẹ́wàá á dìde, á gbọ̀n, á rí áńgẹ́lì. Èmi tí mo mọ Sáàmù sórí láti ọ̀kan dé àádọ́jọ, n ó jókòó bí òpó, n ó máa bi í pé, "Àwọn áńgẹ́lì náà, mélòó ni wọ́n?"

Nígbà tí ẹ̀mí yóò wá gùn mí, ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ló gbà wọlé.

Àìsàn jẹjẹrẹ ló kọ́kọ́ mú mi, ó sì mú mi ní ibi tí akọ̀wé ìjọ kò lè dárúkọ lórí pẹpẹ. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí, mo sọ pé inú ni. Ìyá Àdúrà, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn wòlíì wa, béèrè pé inú níbo. Mo ní ìsàlẹ̀ inú. Ó ní ìsàlẹ̀ dé ibo. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé orin.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí n kú. Àwọn dókítà gé ohun burúkú náà kúrò, wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán jó gbòǹgbò rẹ̀, jẹjẹrẹ sì lọ. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé tó bínú kúrò nínú ilé ló ṣe lọ. Ó ba nǹkan jẹ́ kó tó jáde. Àwọn iṣan tó gba ibẹ̀ kọjá ti fara gbọgbẹ́, ìrora sì jókòó sí mi lára láti ìbàdí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, bí ẹni pé wọ́n ń fi irin gbígbóná tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oògùn tí wọ́n fún mi ń pa ìrora náà díẹ̀, ó sì ń pa èmi náà. Ìran kan wà nínú ìwé ńlá yẹn títí di òní tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú odò àti ẹyẹ funfun, tó wá parí sí ìlà gbọọrọ kan tó wọ́ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀ o. Oorun ló gbé mi lọ.

Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun ló ní òun kò lè máa gbọ́ ohùn mi báyìí lórí fóònù. Ó mú mi lọ bá àwọn dókítà rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò fi wáyà tín-ín-rín kan sí inú eegun ẹ̀yìn mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, àwọn yóò sì fi bátìrì kékeré kan sábẹ́ awọ, lókè ìdí. Iná díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ti ara wáyà náà jáde. Mo ní ṣé iná náà yóò jó ìrora mi ni. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi ọkàn sí i pé obìnrin kan ń ké ní òdì kejì odò, bóòtù ẹlẹ́ńjìnnì sì wá ń kọjá láàárín wa. Obìnrin náà kò dákẹ́, ariwo ẹ́ńjìnnì ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ odò ni wá, ó yé mi kíá.

Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú wáyà tó yọ síta lẹ́yìn mi bí ìrù. Ní ọjọ́ kẹta, mo sun wákàtí márùn-ún láì ta pútú. Nígbà tí mo jí, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ awọ. Dókítà ní kí n má retí pé ìrora náà yóò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó ń jẹ mí bí ajá tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó kàn ń lá mi. Wọ́n fún mi ní rìmóòtù kan tó ní nọ́ńbà, pẹ̀lú ìgbànú tí n ó máa sán mọ́ ìdí láti fi fún bátìrì náà ní agbára. Ìgbànú ọ̀hún fúnra rẹ̀, iná ilé ló ń jẹ. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tàbí tí mo bá tẹ̀ sẹ́yìn, wáyà náà á súnmọ́ okùn iṣan, iná á le lójijì. Kí n máa kọ́kọ́ rẹ nọ́ńbà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Akọ̀wé ṣáà ni mí.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo padà dé, ìjọ ń dúpẹ́ nítorí mi. A kúnlẹ̀. Ẹni tó ń darí àdúrà ní kí a tẹ ẹ̀yìn, kí a gbé ọwọ́ àti ojú sókè ọ̀run. Mo gbé e. Ẹsẹ̀ òsì mi fò, ó gbá àpótí ìjókòó, ó da abọ́ omi àdúrà nù. Mo ní, "Yéè!" Ìtìjú mú mi, mo fi "Jésù!" tì í. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìyá Àdúrà di ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ó ti bà lé e. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, ó ti bà lé akọ̀wé."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo tilẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń da aṣọ funfun lé mi léjìká, obìnrin méjì ti ń sunkún ayọ̀, wọ́n sì ń béèrè ohun tí mo rí. Mo ní mo rí ìmọ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá kùkùté igi rí mọ irú ìmọ́lẹ̀ tí mo ń wí.

Wọ́n gbé mi kúrò nídìí ìwé ńlá, wọ́n fún mi ní ìjókòó láàárín àwọn wòlíì. Olùkọ́ kan tí ìjọba gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa láti òkè, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́, ló gba bírò lọ́wọ́ mi. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí mi lórí afárá pákó tí a fi ń rìn láàárín ilé lórí omi. Orí ẹja wá ń wọ ilé mi, irú orí ẹja tí wọn kì í fún akọ̀wé. N kò gbé nọ́ńbà sókè rí láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ, Ọlọ́run mi ni ẹlẹ́rìí. Mo kàn máa ń gbàgbé láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Nílé, tí mo bá fẹ́ sùn, n kì í gbàgbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo máa ń gbàgbé.

Ìyàwó mi nìkan ni kò bá wọn yọ̀. Ó mọ̀ pé tí mo bá ti sín nílé, ẹsẹ̀ mi á ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń yan edé, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀mí tó ń gùn yín yìí, ṣé òun náà ló máa ń gùn yín tí ẹ bá sín?" Mo dá a lóhùn pé ohun tó bá wù Olúwa ló lè lò. Ó yí edé rẹ̀ padà.

Ọdún yẹn ni ìjà inú odò le jù. Àwọn ọmọkùnrin oníbọn wà nínú igbó ẹ̀gbà lẹ́bàá odò, àwọn sójà wà nínú bóòtù tiwọn, àwa sì wà láàárín. Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ni wọ́n ní ó fa ìjà, epo tí àwa kò fi dín ẹja rí. Lọ́jọ́ kan ìbọn á dún láàárọ̀, lọ́jọ́ kejì á dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìgbà tí yóò tún dún. Ọ̀nà Ìgbókòdá, níbi tí a ti ń tà tí a sì ti ń rà, dí. Bóòtù ọlọ́jà kan láti abúlé mìíràn kọjá lọ́sẹ̀ tí ọ̀nà dí, ó padà pẹ̀lú ihò ọta ní ẹ̀gbẹ́ àti obìnrin kan tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ẹní.

Kò sí ọjà, kò sí epo bẹntiróòlù. Kò sí bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, ìgbànú mi kò rí iná jẹ. Mo wo rìmóòtù, ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú bátìrì tó wà lẹ́yìn mi. Nọ́ńbà gíga tí mo fi ń ṣe wòlíì ló yára jẹ ẹ́ tán.

Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án ti di ẹja yíyan àti edé wọn sínú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi wà nínú wọn. Ẹja náà ti ń gba omi òjò sára, kò ní pẹ́ bu. Epo tó kù nínú bóòtù ìjọ lè gbé wọn dé Ìgbókòdá. Tí wọ́n bá tà, wọ́n á ra èyí tí wọ́n á fi padà, wọ́n á sì ra ti jẹnẹrétọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń dúró, a kò gbọ́ ìbọn láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní ọ̀sán, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bọ́ bàtà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kúnlẹ̀ níwájú mi, kì í ṣe níwájú Ìyá Àdúrà, ó ní, "Wòlíì, ẹ bá wa béèrè. Ká lọ lọ́la, àbí ká má lọ?"

Mo kúnlẹ̀. Kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gẹ́lẹ́: kì í ṣe Ọlọ́run, kì í sì ṣe àwọn obìnrin náà. Ìlà kan tó kù nínú bátìrì yẹn ló wà lọ́kàn mi. Tí wọn kò bá lọ, irin gbígbóná yẹn á padà wá. Mo tẹ ẹ̀yìn, mo gbé ojú sókè, ẹsẹ̀ mi ta bó ṣe máa ń ta. Mo ní, "Ẹ lọ. Ọ̀nà ti là."

Olùkọ́ tó di akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bi mí bí èmi náà ti máa ń bi àwọn wòlíì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ọ̀nà wo, sà, nítorí òun gbọ́ pé méjì ni wọ́n. Òótọ́ ni. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn Máhìntẹ̀dó, ọ̀kan gba inú igbó. N kò ronú dé ibẹ̀. Mo ní, "Èyí tí wọ́n bá gbà." Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń fi ọ̀rá wé apẹ̀rẹ̀ edé. Kò kí mi káàbọ̀. Ó so okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó wá wo ojú mi.

"Bàbá wọn, ti òní yìí, ṣé ti Olúwa ni, àbí ti sísín?"

Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn.

"Ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, n ò ní béèrè. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi yóò bá wa lọ nínú bóòtù yẹn, ó sì lóyún. Ẹ̀yin lẹ ní ká lọ. Ẹ sọ fún mi, n ó sì wọ bóòtù náà."

Mo yí padà, mo jáde. Ìtàn àwọn ènìyàn mímọ́ kún fún àwọn tó sáré lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èmi kò lè sáré. Mo di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ afárá mú, mo ń lọ bí alákàn.

Bàbá Ìjọ, olórí wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí kò sì tíì fi ẹja pípa sílẹ̀, jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ níwọ̀n tí ẹ̀yìn mi gbà. Mo ní, Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi. Kò gbé ojú kúrò lára àwọ̀n.

"Ti òjìjí yẹn ni?"

Òjìjí ni ẹja kan nínú odò wa tó ní iná lára. Bí ọwọ́ bá kàn án nínú àwọ̀n, apá á fò láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bàbá ní òun ti ń yọ òjìjí kúrò nínú àwọ̀n kí wọ́n tó bí mi, òun sì mọ bó ṣe máa ń gbá ènìyàn. Ó ní ẹni tí ẹ̀mí bá gùn, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Tèmi, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Kò mọ ohun tí àwọn òyìnbó fi sí mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìbátan òjìjí ni.

Mo ní kí ló wá dé tí Bàbá kò sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí.

"Ìmọ́lẹ̀ lo máa ń rí," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ kì í pa ènìyàn. Mo ní kí n jẹ́ kí o jẹ orí ẹja díẹ̀, o ti jìyà. Ti òní yìí ni mo fẹ́ wá bá ọ sọ, ojú àwọ̀n méjì yìí ni mo ní kí n dí tán."

Ẹ wo bí ara ènìyàn ṣe ń wá ihò àbájáde. Mo ṣì béèrè pé tí wọ́n bá lọ ńkọ́, tí wọ́n sì bọ̀ láyọ̀.

"Wọ́n á tún padà wá bi ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," Bàbá dáhùn. Ó fi ẹnu já òwú. "Agogo wà níbẹ̀ yẹn. Lù ú."

Mo lù ú. N kò rántí pé àdéhùn wa lásìkò ìjà náà ni pé tí agogo bá dún láì jẹ́ àkókò ìsìn, oníbọn ti dé. Gbogbo abúlé tú. Àwọn kan ti fò sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ìyá kan gbé ọmọ ọlọ́mọ, ọkùnrin kan sì bẹ́ sódò pẹ̀lú aṣọ àdúrà rẹ̀. Ó pẹ́ kí Bàbá tó rí wọn pè padà. Nítorí náà, àwọn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí inú wọn kò dùn, tí omi sì ń ro lára wọn, ni mo jẹ́wọ́ fún.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo yọ rìmóòtù, mo fi hàn wọ́n, mo gbé nọ́ńbà sókè, mo tẹ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ta. Ọmọ kékeré kan ní kí n tún un ṣe. Ìyá Àdúrà, tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kéde mi, bi mí jẹ́jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí mo rí lọ́jọ́ kìíní ńkọ́. Mo ní, "Àpótí ni mo gbá, Ìyá." Ẹnìkan rín ẹ̀rín sínú ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì ràn dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò ràn dé ara Ìyá. Ó ṣe oṣù méjì kí ó tó dáhùn ìkíni mi, n kò sì dá a lẹ́bi.

Obìnrin tó kúnlẹ̀ fún mi lọ́sàn-án kò rẹ́rìn-ín náà. Ó ní, "Ọ̀nà yẹn, ó là àbí kò là?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

Wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi, wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn bí àwọn tó mọ odò. Wọ́n ní àwọn kò ní lọ títí àwọn yóò fi rí bóòtù ẹlòmíràn tó lọ tó bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó ṣú, bátìrì mi kú. Mo ti máa ń wàásù fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n fi ìrora wọn yin Olúwa. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, mo rí i pé ìwàásù náà gùn jù. Àdúrà tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, "Olúwa, jọ̀ọ́," kò sì sí Sáàmù kankan nínú àádọ́jọ yẹn tó wá sí mi lórí ju ìlà kan lọ. Àwọn obìnrin tí mo fẹ́ rán lọ sí ojú ìbọn ń wá jókòó tì mí, wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ mi. Wọn kò kúnlẹ̀ mọ́. Wọ́n ń pè mí ní Wòlíì, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n rí bóòtù ẹlòmíràn tó lọ tó bọ̀, àwọn náà sì lọ. Mo dùbúlẹ̀, mo ń fetí sí odò títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì bóòtù wa. Mo ń ka ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń gun òkè. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá, ṣùgbọ́n ojú wọn le díẹ̀, àwọn náà ló sì fi ìdí rẹ̀ hàn mí. Ọjọ́ kejì ìran mi, ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n lọ gan-an, bóòtù kan láti Oríòkè-Ìwàmímọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò dá wọn dúró. Àwọn nìkan ló ní ẹja lọ́jà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tà á tán kí oòrùn tó mú. Nígbà tí tiwa fi dé, gbogbo odò ti là, ẹja kún ọjà, edé tiwa sì ti bu ní ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Odindi apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dà nù.

"Ìran rẹ ṣẹ o," obìnrin tó dàgbà jù náà sọ fún mi. "Kí ló dé tí o kò dákẹ́?"

Títí di òní, ìbéèrè náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi da epo sí jẹnẹrétọ̀, ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣiṣẹ́. Ó ki iná bọ ìgbànú mi. Nígbà tí ó gba iná tó, ó sán an mọ́ mi nídìí fúnra rẹ̀. Mo ní kí ó má bínú nítorí edé rẹ̀.

"Edé ló bu," ó ní. "Àwa mẹ́sàn-án kò bu."

Ó ṣe díẹ̀, wáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí díẹ̀díẹ̀ láti ìbàdí lọ sí ẹsẹ̀, ìrora sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ sí ojú òkun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, láìgbé ojú sókè. Omi bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi béèrè ohun tó dé. Mo ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ló wọ̀ mí lójú, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún fún mi láì bi mí ní nǹkan mìíràn.